Ọ̀sẹ̀ Méjì Méjì Ni A Ń Ta Káàdì Nílé Ẹ̀gbọ́n

Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn kan ní Hyde Park ni. Yàtọ̀ sí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ ẹnì kankan ní Chicago. Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ń lọ sílé, mò ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mò ń sọ pé òtútù ibí kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó kọjú sí mi bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo pa fóònù, ó ní:

"Àbúrò, wo bí ètè rẹ ṣe bó. Ta lò ń tàn jẹ?"

Ìtìjú mú mi, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ láàárín ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní àbúrò. Kí ó tó di pé mo bọ́ sílẹ̀, ó ti mọ ìlú mi, ó ti mọ iṣẹ́ mi, ó sì ti mọ̀ pé ìrẹsì àti ẹyin ni mò ń jẹ lójoojúmọ́.

"Ṣé o mọ káàdì ta?"

"Whot nìkan ni mo mọ̀, sà."

"Ẹni tó mọ Whot, pókà kò ní ṣòro fún un. Wá sílé wa ní Hazel Crest. Sátidé tó ń bọ̀ yìí kọ́ o, èyí tó tẹ̀lé e ni."

Bí mo ṣe di ara wọn nìyẹn. Àwa mẹ́rin là ń ta á: ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì adójútòfò kan láàárín ìlú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alhájì, tó ń ta mọ́tò àlòkù, obìnrin kan tó ń ṣe tíṣà ní Oak Park, àti èmi. Aya ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, kì í bá wa ta á. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Tó bá bá wa nílé, á kí wa, á wo tábìlì, á ní, "Ẹ̀yin àti káàdì yín," á sì wọlé lọ sùn.

Kò sí owó nínú pókà tiwa. Alhájì ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí owó bá ti wọ̀ ọ́, tẹ́tẹ́ ni, òun ò sì ní bá wọn dá sí i. Ọmọ ayò la fi ń ta á. Ẹni tó bá rò pé káàdì òun lágbára á ti ọmọ ayò síwájú, àwọn tó kù á sì pinnu bóyá káwọn náà ti tiwọn tàbí káwọn ju káàdì sílẹ̀. Ibi tó dùn sí ni pé ẹni tí kò ní káàdì gidi lè ṣe bí ẹni tó ní in, kó fi ojú lásán lé gbogbo ayé sá. Tí àkókò ìrun bá tó, a ó da káàdì dé, Alhájì á lọ kírun nínú yàrá, a ó sì dúró dè é. N kò rí i kí ẹnikẹ́ni yọjú wo káàdì rẹ̀ rí.

Ẹnu ni ẹ̀gbọ́n fi ń ta tiẹ̀. Bí o bá ń ronú lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nípa ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó wà ní iléèwé, tàbí nípa ajá kan tó lé e ní Ìjẹ̀bú. Ìgbà tí o bá fi máa rẹ́rìn-ín tán, o ti ti ọmọ ayò tí kò yẹ kí o tì. Mi ò rí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn bíi tirẹ̀.

Ohun kan tí kì í fi ṣeré ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ó sọ fún mi pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ta á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi dà bí iṣẹ́. Ẹni tó ti shift dé á máa tòògbé lórí káàdì, ìyàwó ẹlòmíì á sì máa pe fóònù lemọ́lemọ́. Ni wọ́n bá sọ ọ́ di oṣooṣù. Ìyẹn tún burú jù, nítorí tí ẹnì kan bá pàdánù oṣù kan, ó di oṣù kejì kí wọ́n tó rí i, àwàdà tí wọ́n fi sílẹ̀ á sì ti tutù.

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ á sú èèyàn," ló wí. "Oṣooṣù á di ìpàdé ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ń jẹ́ kí ojú yín máa wù mí rí."

Ọdún díẹ̀ la fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, ẹ̀gbọ́n jáde lọ kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì padà wọlé. Àǹtí lọ wò ó, ó bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́bìrì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ sì lọ. Nígbà tí mo lọ kí i, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó la ẹnu, ohùn kan jáde tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà gbọ́ ọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo ti sunkún.

Wọ́n dá a padà sílé nígbà tó yá. Àwa mẹ́ta tó kù wá pe ara wa lórí fóònù láti mọ ohun tí a ó ṣe. Alhájì ní kí a fi Àǹtí lọ́rùn sílẹ̀ kó sinmi. Tíṣà ní kí a máa yà kí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ká má jókòó pẹ́, ká má sì dárúkọ káàdì rárá, kí ọkàn ẹ̀gbọ́n má bàa gbọgbẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu létí mi. A jọ lọ sí Hazel Crest ní ọ̀sán Sátidé kan láti sọ fún Àǹtí.

Ó gbọ́ wa tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé tèmi lẹ̀ ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó, kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín."

A jókòó sí ìdí tábìlì ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n wà ní pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ fún un.

"Gbogbo ìgbà làwọn dókítà ń bi mí bóyá ó mọ ibi tó wà, bóyá ó mọ ọjọ́. Tí wọ́n bá bi òun fúnra rẹ̀, kò lè fèsì. Èmi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì látọjọ́ yìí, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn. Sátidé kan báyìí, mo gbé oúnjẹ fún un, ó kọ̀ ọ́. Ó ń na ọwọ́ òsì sí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mú oògùn, ó mi orí. Mo mú Bíbélì, ó mi orí. Ìgbà tí mo mú páálí káàdì jáde ló tó farabalẹ̀. Mo fi í sórí itan rẹ̀, ó dì í mú títí ilẹ̀ fi ṣú. Sátidé tó tẹ̀lé e, kò bèèrè nǹkan kan. Ó jẹun, ó wo bọ́ọ̀lù, ó sùn. Èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn, ó tún na ọwọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Kò ṣì í rí."

Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin tí ara yín le, ta ló lè sọ fún mi Sátidé tí ó yẹ ká ta á nínú oṣù yìí?"

Alhájì wo òkè, ètè rẹ̀ ń mì bí ó ṣe ń ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pẹ̀lẹ́ pé, "Sùbùhánàllàhì. Òní ni."

Àǹtí ní, "Òní ni. Ẹ wọ pálọ̀ lọ, ẹ wò ó."

A wọlé. Ẹ̀gbọ́n jókòó nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, páálí káàdì wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tó rí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó wò wá bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń wo àwọn ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni a tún bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ti múra sílẹ̀ dè wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n ti yí shift rẹ̀ padà. Nítorí pé ọwọ́ kan kò lè di káàdì mú kó tún máa ta á, ó ti ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀ tuntun. Ó dá a dé sórí tábìlì, irun rẹ̀ kọjú sókè, ó sì ń ki káàdì ọkọ rẹ̀ bọ àárín irun náà. Wọ́n dúró gbọnyin, ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń rí ojú wọn. Nígbà tó ṣe tán, Àǹtí fa àga kan, ó jókòó.

"Ẹ pín tèmi náà. Mo ti kọ́ ọ lórí fóònù."

Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn. Àánú ẹ̀gbọ́n ń ṣe wá, a sì ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jẹ wá. Bó bá ti ti ọmọ ayò díẹ̀ síwájú, gbogbo wa á ju káàdì sílẹ̀, a ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ti jẹ!" Ó jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó tún fẹ́ ṣẹlẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbá gbogbo ọmọ ayò iwájú rẹ̀ dànù. Wọ́n fọ́n ká sílẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti máa ṣà wọ́n. Àǹtí kò mira níbi tó jókòó sí. Ohùn rẹ̀ kò sì le.

"Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkọ mi kì í ṣe ọmọdé. Tó bá yẹ kí ẹ jẹ ẹ́, ẹ jẹ ẹ́."

Alhájì ló kọ́kọ́ gbọ́ràn. Ó jẹ ẹ̀gbọ́n ní àjẹgbé, ó kó ọmọ ayò rẹ̀ láìṣàánú, ó tún ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o ti gbàgbé ayò." Ẹ̀gbọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ wá ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Àǹtí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ yìnyín.

A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń ta pókà wá kọ́ bí a ṣe ń fi ìdákẹ́jẹ́ ta á, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán Sátidé kan nígbà tí yìnyín ti yọ́ tán, àwa yòókù ti ju káàdì sílẹ̀, ó ku òun àti Alhájì nìkan. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ òsì ti gbogbo ọmọ ayò rẹ̀ síwájú. Alhájì wo ojú rẹ̀, ó wo búrọ́ọ̀ṣì, ó fa irùngbọ̀n. Káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò burú, a rí i nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n ràn mọ́ ọn láìṣẹ́jú.

"Ó ní nǹkan lọ́wọ́," ni Alhájì wí. Ó ju káàdì sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fa káàdì rẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣí wọn sórí tábìlì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àní méjì kò jọra. Ó gbé ojú sókè, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kan sì jáde lódindi:

"Irọ́!"

Tíṣà pariwo. Alhájì dìde, ó di orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Tún un sọ! Tún un sọ fún mi!" Ẹ̀gbọ́n tún un sọ. Àǹtí fi káàdì bo ojú, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Gbogbo àsìkò tí ẹni tí ilé ìwòsàn ń rán wá kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ fi ń wá, "omi" àti "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ. Irọ́ tó pa fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yàn láti kọ́kọ́ sọ.

Àwọn ọmọ wọn tó wà ní ìpínlẹ̀ míì gbọ́, wọ́n pe fóònù. Wọ́n ní bí káàdì bá ń ṣe irú èyí, kí a máa ta á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àní lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Alhájì gbà, èmi náà gbà. Àǹtí ní a kì í fi ẹnu ẹlòmíì pinnu fún onílé. Ó bi ọkọ rẹ̀ níṣojú wa: "Dádì, ṣé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni?" Ẹ̀gbọ́n mi orí. Ó na ìka méjì sókè.

Mo rò pé kò dára tó. Àǹtí ló là á yé mi nígbà tó ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Bí ẹ bá ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àìsàn lẹ wá wò. Bí ẹ bá wá bí ẹ ṣe ń wá tẹ́lẹ̀, káàdì lẹ wá ta. Ó mọ ìyàtọ̀ rẹ̀."

Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n kò padà sípò pátápátá, mi ò sì rò pé yóò padà. Ọ̀rọ̀ ń wá, ọ̀kan lónìí, méjì lọ́la. Àǹtí ti di ẹni tí gbogbo wa ń bẹ̀rù nídìí tábìlì, nítorí pé ojú tó fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ló fi ń ta pókà.

Sátidé tó kọjá, ọkọ̀ ojú irin pẹ́. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò wá gbé mi ní ibùdókọ̀. Mò ń tọrọ àforíjì pé mo dá wọn dúró.

"O ò dá ẹnikẹ́ni dúró," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dádì ní òun ló máa pín káàdì lónìí, ọwọ́ òsì nìkan. Káàdì tìẹ ti wà níbẹ̀. Tí a bá fi máa délé, bóyá á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kan Alhájì."

Nígbà tí a wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni a bá wọn. Ẹ̀gbọ́n ń yọ káàdì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tì í kọjá lórí tábìlì, Alhájì sì káwọ́ sórí itan, ó dúró dè é, kò kánjú rárá.