Irun Ara Taya

Òórùn rọ́bà tuntun kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Bí mo bá gba iwájú àwọn tó ń ta taya kọjá n'Ílàró, pàápàá lọ́sàn-án tí oòrùn bá ti yan gbogbo taya tí wọ́n tò síta, ọwọ́ mi á ti lọ sí ọrùn mi kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìyàwó mi mọ̀. Á kàn yí gíláàsì ọkọ̀ sókè. Ìwọ náà bi mí níjọ́sí pé taya wo ni kí o rà sí ọkọ̀ rẹ, mo ní tuntun ni kí o rà, mo sì rí i pé ìdáhùn yẹn kò tẹ́ ọ lọ́rùn. Jókòó, kí n sọ ìyókù fún ọ.

Ọkọ̀ kékeré kan ni mo ń gùn nígbà náà, irú èyí tí ìdí rẹ̀ gé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti fò. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà fẹ́ràn irin lọ. Nígbà tí taya rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ tán, èmi àti ìyàwó mi jọ lọ ra òmíràn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, torí a fẹ́ ti ibẹ̀ kọjá sí Ìjoun lọ kí ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Mo rí tòkunbọ̀ kan tí wọ́n kó wọlé láti Kùtọnu, ó fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ara rẹ̀ ń dán, ó sì bá ọkọ̀ eléré bẹ́ẹ̀ mu gan-an. Ọkùnrin tó ń tà á ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé kòtò ọ̀nà tiwa ò ní jẹ́ kó pẹ́. Ó yí òmíràn jáde, tuntun ni, ó nípọn, ilà ara rẹ̀ jìn débi tí ìka mi wọ inú rẹ̀. Ó ní èyí ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré ṣe fàyàwọ́ ìrẹsì ń lò, pé kò sí ẹrù tí kò lè gbà. Mo ní èmi kì í ṣe onífàyàwọ́, pé taya náà á sọ ọkọ̀ mi di arúgbó. Ìyàwó mi ló parí ọ̀rọ̀. Ó ní òun ò ní gun àlòkù ẹlòmíràn lọ sọ́dọ̀ ìyá òun, kí n yan taya tàbí kí n yan òun. Inú bí mi. A ò bára wa sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí fọkanáísà ń de taya tuntun náà, tòun ti irun rọ́bà wẹ́wẹ́ tó ṣe ṣóńṣó-ṣóńṣó lára rẹ̀.

A ṣì ń yan ara wa lódì nígbà tí a dé abúlé kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gbé ìtì igi dábùú ọ̀nà. Mo dúró. Kí n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, òkúta ti wọ gíláàsì iwájú, ó sì fọ́ sórí itan ìyàwó mi. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n fi ọrùn ẹ̀wù fà mí jáde, lílù ló sì kù. Kùmọ̀ bà mí léjìká. Ẹnìkan fi òkúta gbá mi lẹ́nu, mo gbọ́ bí eyín mi ṣe kán, mo sì gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó mi ń ké pé olùkọ́ ni ọkọ òun, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá wọ́n á bá ìrẹsì níbẹ̀. Wọ́n wò ó. Ọsàn tí a rà fún ìyá rẹ̀ ni wọ́n bá, wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lù mí.

Inú èébú wọn ni mo ti gbọ́ ohun tí mo ṣẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ọkọ̀ kékeré kan tó ru ìrẹsì sáré wọ abúlé, ó gbá ọmọdébìnrin kan tó ń ti odò bọ̀, kò sì dúró. Ọmọ náà kú lójú ẹsẹ̀. Ekuru ò jẹ́ kí wọ́n rí àwọ̀ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ipa taya rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n sì da báàfù dé e kí ewúrẹ́ má baà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wọ́ mi dé ibẹ̀. Ọkùnrin kan tó mú àdá lọ́wọ́ ṣí báàfù náà, ó wo ilẹ̀, ó wo taya mi. Ilà kan náà ni. Èmi pàápàá rí i. Mo fẹ́ sọ pé èmi kọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ló kún ẹnu mi.

Ẹnìkan ti ẹ̀yìn ilé yí taya àtijọ́ kan jáde. Ó ti pá, omi òjò ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn, omi ìdọ̀tí náà sì dà sí mi láyà. Òórùn rọ́bà gbà mí nímú, òórùn tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ gan-an, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òórùn bẹntiróòlù. Mo tọ̀ sára. N kò rántí Ọlọ́run, ká má purọ́. Ohun tí mò ń rò ni pé èmi àti ìyàwó mi ò tíì parí ìjà wa.

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan dìde lábẹ́ igi ọ̀dán. Àwọn èèyàn là fún un, ẹni tó mú ìṣáná dúró, mo sì mọ̀ pé ìyá ọmọ ni. Mo rò pé òun ni wọ́n fẹ́ kó ṣá ìṣáná náà. Kò wo ojú mi rárá. Ó lóṣòó ti taya iwájú ọkọ̀ mi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, bí ìgbà tí èèyàn ń pa orí ọmọ tuntun. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án," ó ní. "Irun ara rẹ̀ ò tíì re. Àná ni wọ́n pa ọmọ mi. Taya yìí, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é."

Ọkùnrin aládàá ní kó má jẹ́ kí àánú tan án jẹ.

"Àánú kọ́," ó dá a lóhùn. "Ẹni tó pa á ni mo fẹ́. N ò fẹ́ ẹlòmíràn."

Wọ́n fọwọ́ kan taya náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bọ́ ti ọrùn mi. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ẹnìkan bu omi fún mi kí n fi fọ ẹnu, mo sì mọ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó wà lára àwọn tó lù mí. Mo bínú, mo ṣì ń bínú dòní. Ẹni tó bá ní kí n gbàgbé, kó lọ fi ọrùn tirẹ̀ sínú taya ná. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò lè fi bínú bò: gbogbo wọn ló wo taya yẹn, ẹni tí ikú mi ì bá tù nínú jù lọ nìkan ló ronú láti fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí egbò mi jinná, èmi àti ìyàwó mi padà lọ kí ìyá ọmọ náà. Òjò ti rọ̀ lọ rọ̀ bọ̀, báàfù náà ṣì wà lẹ́bàá títì, wọ́n gbé òkúta lé e. A ní ẹ kú ìrọ́jú, ó dáhùn, kò sì gba ohun tí a gbé wá. Ó sìn wá dé ìdí ọkọ̀, ó tún lóṣòó, ó tún fi ọwọ́ pa taya náà. Kò sí irun kankan mọ́, ọ̀nà ti jẹ gbogbo rẹ̀.

"Ó ti dà bíi tiwọn báyìí," ó ní. "Ẹ rọra máa lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kùmọ̀ lọ, torí òótọ́ ni. Kò sí ohun tó tún yà mí sọ́tọ̀ sí ẹni tó pa ọmọ náà mọ́, àfi bí mo bá ṣe wakọ̀. Mo rọra lọ. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè, wọ́n ń bú mi, n kò sì yà fún ẹnikẹ́ni títí abúlé náà fi tán.