Gadíníà Ìyá Mi Nínú Garawa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí, tí mo fi lè jókòó kọ èyí sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ mi. Àánú rẹ̀ ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sábọ́n Gàrí, ní Kánò, ní àwọn ọdún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn, ìyá mi ní igi òdòdó kan nínú garawa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ilé wa. Gadíníà ni wọ́n ń pè é. Ewé rẹ̀ a máa dán, òdòdó rẹ̀ funfun bí aṣọ àdúrà, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo àgbàlá kan. Ìyá ìyá mi ló gé ẹ̀ka rẹ̀ fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó ti ń fà á lé e lọ́wọ́ ló wí pé, “Bí èyí bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú iyanrìn Kánò yẹn, màá wá mú ọmọbìnrin yìí wá sílé. Ibi tí òdòdó ò bá lè gbé, ọmọ mi ò ní gbé ibẹ̀.” Èmi ni ọmọbìnrin náà, èmi tí wọ́n ń bá sọ Yorùbá tí mo ń fi Hausa dáhùn.

Lọ́dún tí màmá àgbà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣe Àjíǹde lọ́dọ̀ wa, ọyẹ́ mú púpọ̀. Ewé igi náà ń pọ́n, ìrudi rẹ̀ ń já bọ́ láìtíì là. Ìyá Àdúrà ni ìyá mi nínú ìjọ wa ní Ibo Road. Ó rántí bí Èlíṣà ti da iyọ̀ sí omi Jẹ́ríkò tí omi náà fi sàn. Láràárọ̀, yóò fa omi kànga, yóò bu iyọ̀ sí i, yóò gbàdúrà lé e lórí, kí ó tó rọra dà á sídìí igi rẹ̀. Bí ó ti ń gbàdúrà tó ni ewé ń já tó.

Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Bómpáì, wò ó títí lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Màmá wọn, ṣé òdòdó lò ń tọ́jú ni, àbí ọbẹ̀ lò ń sè?”

“Má fi nǹkan Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́,” ni ìyá mi wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi jáde, mo rí ìyá mi tó fi ìka kan yẹ̀pẹ̀ inú garawa, tó sì lá a. Ó ní, “Ọmọ mi, iyọ̀ yìí ti pọ̀ jù.” Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

Àwa méjèèjì la jọ hú igi náà. A fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbòǹgbò rẹ̀, a wá yẹ̀pẹ̀ tuntun, a po ewé jíjẹrà abẹ́ igi máńgòrò mọ́ ọn. A gbé e sí ibòòji ògiri, a sì fi àpò tó rin fún omi yí garawa ká nítorí ọyẹ́. A ò dá àdúrà dúró. Iyọ̀ la dá dúró.

Nígbà tí màmá àgbà ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin dé, òdòdó kan ṣoṣo ló là. Kò tíì tú gèlè tó fi lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ìyá mi, mo di ìró rẹ̀ mú. Màmá àgbà gbọ́ òórùn òdòdó náà, ó pẹ́ níbẹ̀.

“Bá mi gé ẹ̀ka kan,” ló wí fún ìyá mi. “Tèmi nílé ti kú.”

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí kúnlẹ̀ kí i, ní Yorùbá.

Lónìí, òdòdó ọ̀rá la fi ń ṣe pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́. A ń rà á ní France Road. Kò fẹ́ omi, kò fẹ́ àdúrà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n gadíníà ìyá mi ṣì wà lójúde mi, mo sì ń bu omi sí i láràárọ̀ pẹ̀lú ọpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohun tí ẹ gbìn síbi tí wọ́n ní kò lè yè, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó là lójú yín. Àwọn tó wà nílé yóò sì wá gé ẹ̀ka níbẹ̀.