Modúpẹ́ Wádìí Tíṣà Bí Ẹni Wádìí Ọkọ

Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́yàwó nídìílé Modúpẹ́olúwa, kó yáa lọ tún ìwà ẹ̀ ṣe dáadáa ná. Nígbà tí Hephzibah, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mú ọkọ wálé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Modúpẹ́ lọ sádùúgbò ọkọ. Kò bi àwọn àna ní nǹkan kan o. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gẹrun nísàlẹ̀ ilé wọn ló lọ jókòó sí, ó tún lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́rọ ata. Nígbà tó máa fi padà dé, ó ti mọ̀ pé ọkọ máa ń hanrun. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Inú ẹ̀ dùn sórúkọ náà ju èyí táwọn òbí ẹ̀ sọ ọ́ lọ!

Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe nílé-ìwé aládàáni kékeré kan ládùúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù. Oṣù méjì ni ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu, fi wá tíṣà ìṣirò, àwọn òbí sì ti ń kùn. Àfi bí Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí ṣe dé láti Ipara. Háà, ọmọlúàbí! Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá, ó dọ̀bálẹ̀ fún Modúpẹ́, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó ń ṣọ́ géètì. Lẹ́tà mẹ́ta ló mú dání, alàgbà ìjọ ló kọ ọ̀kan.

"Mọ́ńdè ló ń bẹ̀rẹ̀," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dé Ipara, sà," ni Modúpẹ́ dá a lóhùn.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ellen, ṣé ìyàwó la fẹ́ fún un ni?"

"Sà, ẹni tó fẹ́ mú ọmọ kan ṣoṣo nílé wa, a máa ń wádìí ẹ̀ délé bàbá bàbá ẹ̀. Ẹni tá a fẹ́ kó ọmọ márùndínlógójì fún, torí ó mọ ìdọ̀bálẹ̀, kó máa wọlé bọ̀?"

"Lẹ́tà tó mú wá ńkọ́?"

"Ta ló máa ń gbé lẹ́tà burúkú nípa ara ẹ̀ kiri? Ellen mi wà ní kíláàsì yẹn, sà."

"Ẹ máa lọ o, Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àmọ́ ẹ má padà wá sọ fún mi pé ó máa ń hanrun!"

Nílé-ìwé tí Àjàyí ti kúrò n'Ípara, ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ní, "Ó ṣe dáadáa. Òun fúnra ẹ̀ ló fi wá sílẹ̀." Fáànù ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ọ̀hún ò yí. Modúpẹ́ dúpẹ́, ó jáde, ó lọ jókòó ti Ìyá Ẹ̀rínọlá tó ń ta gúgúrú lẹ́nu géètì. Gúgúrú yẹn ti rọ̀ pátápátá, síbẹ̀ ó jẹ ẹ́, ó yìn ín.

"Mà, Tíṣà Àjàyí yín fẹ́ wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Irú èèyàn wo ni?"

Ìyá Ẹ̀rínọlá wọ̀tún wòsì. "Èyí tó máa ń dá ọmọbìnrin dúró lẹ́yìn ilé-ìwé? Ọmọ kan ló sọ fún ìyá ẹ̀ pé ó fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ. Kórúkọ ilé-ìwé má bàa bà jẹ́, wọ́n ní kó máa lọ. Wọ́n tún kọ lẹ́tà dáadáa fún un kó lè tètè lọ."

Modúpẹ́ gbé gúgúrú sílẹ̀. Kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí wọ́n mú òun délé ọmọ náà. Kàúsárà nìyá ọmọ ń jẹ́. Ó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó nu ojú, ó wá ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Nígbà tí Modúpẹ́ ròyìn, ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò: òun àti Modúpẹ́ lọ gbé Kàúsárà n'Ípara, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Àjàyí dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu géètì bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Bó ṣe gbójú sókè, Kàúsárà ló rí, àtọlọ́pàá méjì.

Ìṣirò ṣì wà láìní tíṣà. Ni Akínyọdé, àbúrò Modúpẹ́ fúnra ẹ̀, bá gbé ìwé ẹ̀rí ẹ̀ wá. Modúpẹ́ yọ bírò.

"Àǹtí mi, ẹ fẹ́ wádìí èmi náà? Èmi tẹ́ ẹ pọ̀n!"

"Mo pọ̀n ọ́ lóòótọ́, àmọ́ mi ò pọ̀n ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ó yá, níbi tó o ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, ta ló ń ta gúgúrú lẹ́nu géètì wọn?"