Obìnrin Tí Kì í Jókòó Jẹun Lẹ́yìn Odi

Mi ò lè rí ẹni tó dúró jẹ búrẹ́dì kí n má rántí ọ̀rẹ́ wa kan. Àwa mẹ́ta la jọ máa ń ti ìlú wa, Ṣàngó, lọ ra áńkárá ní Kútọnu. Ọ̀rẹ́ wa yìí kì í jókòó jẹun lẹ́yìn odi; búrẹ́dì ló máa ń dúró jẹ. Á ní fún mi pé, "Ìyá Múrí, ẹ jẹ́ á máa lọ, bàbá ń retí mi." Ẹnì kẹta wa á bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wá wo ìyàwó ọ̀ṣìngín!"

Lọ́jọ́ kan tí à ń padà bọ̀ wálé, wọ́n ti ti bọ́dà kí a tó débẹ̀. A gba yàrá. Mo ní kó jókòó, kó jẹun, pé ilẹ̀ á mọ́. Ó bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ hàn mí. Bàbá, ọkọ rẹ̀, ti ń ṣarán, ó máa ń rìn wọ àárín mọ́tò, ló fi ń tì í mọ́lé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú ń tì í. Fóònù wa ò sì lọ lọ́hùn-ún.

Ó ní, "Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un?"



Ọ̀sán ọjọ́ kejì la délé. A bá bàbá lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ti kú. Àwọn ará ilé kejì ní àwọn gbọ́ bó ṣe ń gbálẹ̀kùn, àmọ́ àwọn rò pé ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀.