Nọ́ọ̀tì Inú Fìlà

Inú fìlà ni bàbá fọkanáísà wa ní Ìsìkàn máa ń kó nọ́ọ̀tì sí bí wọ́n bá tú táyà, orí wọn á wá máa dán nínú oòrùn. Bí wọ́n bá ń dá a padà, ìka ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, wọ́n á sì máa sọ fún mi pé:

"Ohun tí ìka ò bá lè yí wọlé, Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí sípánà fipá mú un."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò mi pè láti Oǹdó pé àìsàn Màámi ti le, rìímù ọkọ̀ mi àtijọ́ là. Mo sáré ra tòkúnbọ̀. Ihò mẹ́rin ló ní bíi tèmi, mo rò pé ó ti parí. Nígbà tí bàbá fẹ́ dè é, nọ́ọ̀tì méjì wọlé, méjì kọ̀, torí àlàfo àárín àwọn ihò náà ò bá ti ọkọ̀ mi dọ́gba. Mo ní kí wọ́n fi méjì dè é bẹ́ẹ̀, Oǹdó ò kúkú jìnnà. Wọ́n ní rárá. Mo bínú, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí àgbà.

Wọ́n lọ síbi ọkọ̀ tiwọn, irú tèmi gan-an, wọ́n tú ẹsẹ̀ táyà kan, wọ́n wá fi ìka dè é fún mi.

Ọjọ́ karùn-ún ni mo dé pẹ̀lú rìímù tó bá tèmi mu. Ọkọ̀ wọn ṣì wà lórí òkúta. Ìyàwó wọn ní ẹsẹ̀ làwọn fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n tó bẹ̀bẹ̀, bàbá ti ṣí fìlà.

"Ṣé ẹ bá Màmá láyé?"

Mo ní mo bá wọn. Bàbá mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jókòó.