Ìkíni Tí Kò Ní Ìkúnlẹ̀

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe kọ èyí. Ìwé kíkọ ò mọ́ mi lára. Kíláàsì kẹta girama ni mo dé kí àìsàn tó dá bàbá mi wó, láti ìgbà yẹn, ohun tí mo sábà máa ń kọ ò ju orúkọ àwọn ọmọ sára ike oúnjẹ wọn lọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni n ó ṣe sọ ọ́.

Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo ń tọ́jú ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ṣakí. Mo ń nu imú, mo ń da póò nù. Nígbà tí olùkọ́ ò tó mọ́, ọ̀gá wa mú obìnrin kan wá láti Ìbàdàn pé kó kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ní kí èmi náà bá àwọn yòókù jókòó. Bí mo bá yege, mo di olùkọ́ nìyẹn. Bí n kò bá yege, mo padà sídìí póò.

Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹnu nìkan kọ́ ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ara náà ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ń kíni ní Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kó gbórí sókè, kó wo ojú ẹni tó ń kí. Èmi ni mo burú jù, nítorí ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

"Ańtí," ló wí, "ṣé èèrà lẹ fẹ́ kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ni?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, máà," ni ẹnìkan láàárín wa wí, "àwọn èèrà yẹn ti ń dáhùn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ojú tì mí. Nígbà tó wá kan pé kí a fi àwọn ọmọ gidi dánra wò, ohun tó kọ́ mi gẹ́lẹ́ ni mo fi kọ́ wọn.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti Komu wá. Oko ló ń bá ìyá rẹ̀ lọ lọ́hùn-ún kí ìyá bàbá rẹ̀ tó mú un wá sí Ṣakí pé kó wá kàwé. Kò lè kíni kí orúnkún rẹ̀ má tẹ̀. Mo máa ń dì í ní ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì, n ó gbé e dìde. "Dúró. Wo ojú mi." Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí a pe àwọn òbí, ìyá àgbà náà wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Obìnrin Ìbàdàn náà, olùkọ́ wa, ní kí ọmọ náà kí i. Ó jáde, ó dúró ṣánṣán, ó wo ìyá àgbà lójú kòrókòró.

"Gúdú mọ́nìn, máà."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà ò pa tiẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

Ọmọ náà wò mí. Mo mọ ohun tó ń bi mí: ṣé kí òun kúnlẹ̀. Èmi náà wo olùkọ́ wa, ó mi orí sí mi pé rárá. Mo wo ilẹ̀.

"Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kí yín o, ìyá àgbà!" ni ẹnìkan wí.

"Mo gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà ò ha ní orúnkún ni?" Ó dìde, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. "Ìyá mi, gbé báàgì ẹ. Lọ́la lò ń padà sí Komu. Oko ò ní kọ́ ọ láti máa wo àgbà níran."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, olùkọ́ wa gbá mi léjìká. "Ẹ ti yege, ańtí. Àwọn àgbà á máa sọ tiwọn." Gbogbo wọn ń kí mi kú oríire. Mo ń dáhùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ọmọ náà. Ọmọ yẹn ti ń kàwé já geere. Bó bá fi lè padà, ta ni yóò tún mú un wá?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìyá àgbà. Ẹrù ọmọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbà ń gbálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀, orúnkún méjèèjì, mo dojú bolẹ̀.

"Gúdú mọ́nìn, máà," ni mo wí, ketekete.

Mi ò dìde. Ọmọ náà yọjú, ó wò mí, ó sì wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà kí i ní Gẹ̀ẹ́sì.