Wọ́n Sin Magdalene Láoyè Láìkọ Orin Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí Magdalene Láoyè kú ní Araromi-Obu, ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ káàkiri. Dírẹ́kítọ̀ fíìmù tó lo ohùn rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn sórí fóònù pé ohùn tó ń dẹ́rù ba gbogbo Nàìjíríà ti dákẹ́, ó sì lẹ àwòrán mọ́ ọn. Àwòrán ta ni? Ti òṣèré tó ṣe iwin nínú fíìmù náà ni, nítorí wọn kò ní àwòrán ẹni tó kọrin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹkún ti sọ lórí fóònù, ó wá di dandan kí òṣèré náà ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ ìrẹsì, pé òun ò kú o, ẹ ṣeun. Inú gbogbo ayé dùn, wọ́n ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òkú gidi wà nílẹ̀ ní Araromi, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀.

N kò ní dárúkọ fíìmù náà. Wọ́n ti jẹun lórí rẹ̀ tó, wọn kò ní rí ìpolówó ọ̀fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ mọ̀ ọ́n kẹ̀. Òun ni iwin obìnrin kan ti ń rìn nínú oko kòkó, tó wọ aṣọ funfun, tó ń wá ọmọ tí yóò fún lọ́rùn. Bí ẹ bá ti wọ bọ́ọ̀sì ní Ore láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ti gbọ́ orin rẹ̀ lórí fóònù ẹni tó jókòó tì yín. Ohùn obìnrin kan ṣoṣo ni, kò sí dùùrù, kò sí ìlù, ó kàn ń rọra lọ sílẹ̀ bí ẹni ń sọ garawa sínú kànga. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, orí èèyàn á wú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ dán nǹkan kan wò fún mi. Ẹ gbé fíìmù náà sí i, kí ẹ sì pa ohùn rẹ̀. Kí lẹ rí? Obìnrin tó da páúdà sójú, tó ń rìn kiri nínú oko olóko bí ẹni tí bọ́ọ̀sì Benin fi sílẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún méjì á fi í rẹ́rìn-ín. Orin ló ń dẹ́rù bà yín, ẹ̀yin èèyàn mi, páúdà kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú gbogbo fíìmù ẹlẹ́rù tí ẹ ti ń wò láti kékeré. Ẹ ò rántí ojú òṣèré mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá tẹ dùùrù inú wọn lẹ́ẹ̀mẹta péré lẹ́yìn yín, ẹ óò fi bàtà sílẹ̀ sá lọ. Ta ló tẹ̀ ẹ́ nígbà náà lọ́hùn-ún? Ẹ ò mọ̀, ẹ ò sì béèrè rí. Òṣèré gba àmì ẹ̀yẹ, ẹni tó ran wíìgì iwin gba àmì ẹ̀yẹ. Nínú àwọn orúkọ tó ń gòkè lọ lópin fíìmù tiwa yìí, mo rí ẹni tó se ìrẹsì, mo rí ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá láti Odigbo. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni orin sí, wọ́n kọ ọ́ pé "orin ìbílẹ̀". Ṣé ilẹ̀ Araromi ló hu ú jáde bí iṣu ni?

Magdalene ló dá orin náà sílẹ̀. Ibà ló ń ṣe Tófúnmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí kò lè sùn, ni ìyá rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè ìlú wọn, tó ń pe ọmọ ní ọma, kùn sí i létí pé:

Sùn, ọma mi, àkùkọ ò tíì kọ;
Ìyá rẹ ò roko, Bàbá lókè ò ràjò.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn akọrin ìjọ Aládùúrà tí òun náà ti ń kọrin gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun wá síwájú pẹpẹ. Àwọn àlejò tó ń dáko kòkó lọ́wọ́ onílẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Tófúnmi ni wọ́n ń gbé ọmọ sí kí wọ́n tó wọ oko. Á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn, á tò wọ́n sílẹ̀ bí ẹni sá kòkó, á máa fi etí ìró rẹ̀ lé eṣinṣin lójú wọn. Mo ti gbé alùpùpù mi dúró níbẹ̀ rí láti kí i, kí n tó mọ̀, èmi àgbàlagbà ti ń tòògbé. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn, mi ò ní purọ́.

Àwọn onífíìmù wá dé pẹ̀lú mọ́tò àti ariwo. Dùùrù tí wọ́n gbé wá ń dún bí agogo oní-áísìkiriìmù, iwin wọn ò sì lè dẹ́rù ba ewúrẹ́ pàápàá. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ ohùn Magdalene lábẹ́ igi ọsàn, níbi tó ti ń rẹ ọmọ Nurat lẹ́kún. Nurat yìí ni ìyàwó Zubair, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ àlejò náà. Dírẹ́kítọ̀ ní kí màmá jọ̀ọ́ tún un kọ sínú ẹ̀rọ. Màmá sọ fún un pé, "Orin ọma ni o." Ó ní òun mọ̀, ibi tí ìyá kan ti ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún lòun fẹ́ lò ó sí. Ni màmá bá kọ ọ́ tọkàntọkàn. Bítúmẹ̀nì, ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, wà nílẹ̀ ní Agbabu láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìjọba kan ń sọ ọ́ fún ìjọba kejì, wọn ò rí i wà dé ibì kan. Ohùn Magdalene, ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n fi wà á lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó lọ wo fíìmù náà ní Ore ló kọ́kọ́ mú ìròyìn wálé, pé ohùn Ìyá Tófúnmi ni iwin fi ń pa ọmọ. Kò pẹ́ tí ẹní abẹ́ igi ọsàn fi ṣófo. Àwọn abiyamọ tí màmá ti bá gbé ọmọ rí ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ojú má baà ṣe mẹ́rin. Ọlọ́kadà ò fẹ́ gbé e bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Ṣé ẹ rí làákàyè wa? Òṣèré tó fún ọmọ lọ́rùn lójú gbogbo ayé, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ káwọn jọ ya fọ́tò. Ẹni tó kọrin fọ́mọ sùn, òun ni wọ́n ń sá fún. Nurat nìkan ni kò dẹ́kun à ń gbé ọmọ wá. Nígbà tí wọ́n kìlọ̀ fún un, ó ní ọmọ òun kì í wo fíìmù, oorun ló ń sùn.

Ìjọ ńkọ́? Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó gbọ́. Wòlíì Eli, olórí ìjọ náà, tí wọ́n kọ orin yìí sórí gbogbo ọmọ tó bí, wo fíìmù, ó sì dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní ẹ̀mí ti fi hàn òun pé orin ayé ti yọ́ wọ inú ìjọ, pé inú fíìmù ló ti wá. Olè jí ewúrẹ́ rẹ lọ sọ́jà, ìwọ wá ń pariwo pé inú ọjà ni wọ́n ti jí ewúrẹ́ wá sílé rẹ. Wọ́n fòfin de orin náà. Wọ́n yọ ìyá kúrò láàárín akọrin, wọ́n ní kó máa jókòó sẹ́yìn fún ìwẹ̀nùmọ́. Ó jókòó. Kò pa ìsìn jẹ, ó ń ṣe àmín pẹ̀lú wọn, tí wọ́n bá sì gbé ọmọ tuntun wá, á pa ẹnu rẹ̀ dé.

Àṣà kan wà nínú ìjọ yẹn tó dára, mo gbà. Akọrin kì í wọ ilẹ̀ láìsí orin. Kálukú ló ń yan èyí tí wọn yóò fi sin òun, á sì sọ ọ́ fún olórí akọrin nígbà tó wà láàyè. Magdalene ti sọ tirẹ̀ fún Olúbísí, olórí akọrin, tipẹ́tipẹ́ kí onífíìmù kankan tó mọ ọ̀nà Araromi. Orin ọmọ yìí náà ló yàn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Olúbísí rán Wòlíì létí. Wòlíì ní orin iwin ò ní jáde lẹ́nu akọrin òun, kí wọ́n mú òmíràn. Tófúnmi ní ìyá òun ò yan òmíràn. Báyìí ni àwọn akọrin ṣe tò sẹ́bàá kòtò nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ìró ṣọ́bìrì nìkan là ń gbọ́.

Zubair, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló bẹ̀rẹ̀ orin náà. Kò mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ń kùn ún ni, Nurat sì ń gbè é. Wòlíì lu agogo bò wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi dákẹ́. Inú bí mi. Tófúnmi kò pariwo. Ó kọjú sí àwọn akọrin, ó ní kí wọ́n má rò pé owó lòun ń wá, "Oghó kọ́ ni mo wá bèrè lọ́ghọ́ yín. Ọma gbogbo yín ni ìyá mi kọrin fún sùn. Òun náà ló fẹ́ sùn yìí."

Wọ́n kó erùpẹ̀ bo kòtò tán, àwọn akọrin sì tò padà lọ sílé láìkọ ọ́.

Èmi ò ní dákẹ́ ní tèmi. Dírẹ́kítọ̀, ẹ yọ "orin ìbílẹ̀" kúrò nínú fíìmù yín, kí ẹ kọ Magdalene Láoyè síbẹ̀, kó tóbi tó ti òṣèré. Kí ẹ sì jáde síta, kí ẹ sọ ohun tí ẹ wí fún un lábẹ́ igi ọsàn àti ohun tí ẹ padà fi ohùn rẹ̀ ṣe. Wòlíì Eli, orí pẹpẹ lẹ ti sọ ìyá yìí di ẹni ẹ̀gàn, orí pẹpẹ náà ni kí ẹ ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kó akọrin yín padà lọ síbi ibojì náà lọ́sàn-án gangan, kí Tófúnmi dúró níwájú, kí Zubair àti Nurat dúró tì í, kí ẹ sì kọ orin tí ẹ jẹ òkú ní gbèsè. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ẹ ti gbàgbé bó ṣe ń lọ. Ẹ tan fóònù yín. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fíìmù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ.